Èèpo Ọsàn Lójú Fèrèsé Màmá

Bàbá mi tí mo fi ṣe àga,

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kí bàbá ẹni nínú lẹ́tà nìyẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín sí ẹ̀yìnkùlé, orí sàréè yín ni mo ń jókòó sí. Sìmẹ́ńtì ibẹ̀ máa ń tutù lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ibẹ̀ ni mo ń sá ṣòkòtò mi sí, ibẹ̀ náà ni èmi àti Bàbá Ràṣí ti ń ta dráàfù kó tó di pé ọmọ rẹ̀ wá kó o lọ sí Ìbàdàn. Ẹ kò bínú rí. Àbí ẹ ń bínú, tí n kò gbọ́?

Bí ìwé mi bá rí wúruwùru, ẹ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ rán mi ní súkúù dáadáa. Èmi ni mo gba ojú fèrèsé jáde ní kíláàsì kẹrin tí n kò padà wọlé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn àdúgbò fún yín, nítorí bí ẹ bá dìde lónìí, ẹ ó ṣìnà láàárín títì àti ẹnu ọ̀nà yín. Wọ́n ti fi géètì sí ẹnu òpópónà wa. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ kò tíì lo oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́, ó dá mi dúró, ó ní ta ni mo wá kí. Èmi tí wọ́n bí sí òpópónà yìí! Mo ní bàbá mi ni mo wá kí. Ó ní kí n pè yín lórí fóònù kí ẹ fàṣẹ sí i. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tí ẹ wà kò dáa. Ó rò ó títí, ó kọ orúkọ yín sínú ìwé àlejò, ó ní kí n wọlé.

Ilé Ìyá Ológì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti di gíláàsì láti ilẹ̀ dé òkè. Àwọn ọmọ tó jáde yunifásítì ló kún ibẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń jókòó, oníkálukú kọjú sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ẹnì kan kì í bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, wọ́n á sì máa mu kọfí tó korò bí àgbo ibà. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá ara wọn kò yá ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi, àfi pé ṣe ni wọ́n ń kí mi bí ẹni tó ń kí fọ́tò ara ògiri.

Ọkọ̀ ojú irin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín sìn náà ti di tuntun. Wọ́n ti dí ibi tí a ti máa ń sọdá ní Yábàá, afárá ni mọ́tò ń gbà kọjá lókè báyìí. Fèrè rẹ̀ kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà yẹn, bó bá ti fọn, ẹ ó wo aago ọwọ́ yín, ẹ ó bú dírẹ́bà tó pẹ́. Ta ló ń bá yín wo aago báyìí?

Nínú gbogbo òpópónà yìí, ilé wa nìkan ló ṣẹ́kù tó ṣì jẹ́ ilé ilẹ̀ onípáànù. Ó dá dúró bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu arúgbó. Eyín yẹn ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Délé, àbíkẹ́yìn yín, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ló ní kí a ta ilé. Ó ní ẹni tó bá rà á yóò wó o, yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, àwa náà yóò hú yín, a ó gbé yín lọ sí itẹ́ òkú kí ẹ lọ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Èmi ni àkọ́bí. Bí n kò bá fọwọ́ síwèé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i. Mo ní lọ́jọ́ tí ẹ kú, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ búlọ́ọ̀kù kan lára ilé yìí níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè.

Délé wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

"Bí mo bá purọ́," mo ní, "kí Bàbá fúnra rẹ̀ wá bi mí."

Délé sunkún. Èmi náà sun díẹ̀ kó lè dọ́gba. Bàbá, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ kò dárúkọ búlọ́ọ̀kù kankan lọ́jọ́ náà. N ó padà síbi ohun tí ẹ sọ, ẹ ní sùúrù fún mi.

Irọ́ kì í dá rìn, ó máa ń fẹ́ ẹnìkejì. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ ra ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó láìka tèmi sí, mo ń sọ fún wọn pé ẹ ṣì ń rìn káàkiri inú ọgbà. Aṣọ funfun ni mo máa ń wọ̀ fún yín nínú ìtàn náà, kí ẹ lè jọ òkú gidi. Mo tún wá ẹ̀rí sí i. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń bó ọsàn fún Màmá ní ìrọ̀lẹ́? Ẹ ó fi ọ̀bẹ kékeré yín yí i, yí i, ẹ kò ní gbé ọwọ́ sókè, èèpo náà á máa ya bọ̀ bíi rìbọ́ọ̀nù, kò ní já. Ẹ ó wá gbé e kọ́ irin fèrèsé Màmá. Màmá ní ó ń lé ẹ̀fọn, àmọ́ èmi mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì ní ohun tí ẹ fi ń bára yín sọ. Èmi gbìyànjú títí, tèmi ń já ṣáá. Ẹ ó gbá mi lórí fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó pè mí ní Wàyó, ẹ ó ní ọwọ́ mi kò lè ṣe ohun tí kò ní ẹ̀bùrú nínú. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀, nígbà tó bá ku èmi àti ẹ̀yin. Orúkọ yẹn bá yín wọlẹ̀.

Ni mo bá ra ọsàn. Èèpo tèmi já sí mẹ́ta. Mo wá abẹ́rẹ́ àti òwú, mo rán an pọ̀, mo gbé e kọ́ fèrèsé. Ọkùnrin kan wá wo ilé, ó sanra, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo fi èèpo hàn án, mo ní Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni. Ó fọwọ́ kàn án, ó rí i pé ó ṣì tutù. Ó ní òun fẹ́ lọ mú nǹkan nínú mọ́tò òun. Òun àti mọ́tò náà kò tíì padà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìbùkún nìkan ni kò bẹ̀rù. Òun ni ọmọbìnrin tó gba yàrá Màmá, òun náà wà lára àwọn ọlọ́kọ̀ǹpútà. Ó rí òwú tí mo fi rán èèpo, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti dàgbà ju irú eré yìí lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kan, mo ń fọ ẹnu láàárọ̀, ó jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú iṣẹ́, Bàbá, pé ti òní dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò lójú rírán.

Èmi kò kọ́ nǹkan kan sójú fèrèsé láti ọjọ́ mẹ́rin.

Mo lọ wò ó. Ó gùn láti irin òkè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dọ́gba, omi rẹ̀ ṣì ń kán. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń wá ibi tó ti já. Kò já níbì kankan. Mo fi ọgbọ́n gbé ọsàn àti ọ̀bẹ fún Ìbùkún pé kó bá mi bó o. Tirẹ̀ já kó tó yí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe Délé lórí fóònù, mo fẹ̀sùn kàn án. Délé wà lórí ibùsùn ní Ìkòròdú, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò tiẹ̀ rántí pé ẹ máa ń bó ọsàn. Ìgbà tí ẹ ti fi ọsàn bíbó sílẹ̀ ni wọ́n bí i, ẹ̀yin náà mọ̀, ó ti rẹ̀ yín nígbà náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ yẹ ojú mi wò ní ọsibítù. Ìbùkún ti lọ síbi iṣẹ́, èmi ni mo tilẹ̀kùn ilé. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, mo bá obìnrin kan nínú ọgbà, ẹnjiníà àwọn tó fẹ́ ra ilé, tí Délé sọ fún mi pé ó ń bọ̀. Ó ń mu ọsàn. Wọ́n ti bó o fún un, wọ́n ti gé orí rẹ̀. Mo bi í pé ta ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní Bàbá ni. Mo ní bàbá wo? Ó ní Bàbá tó ga, tó wọ kóòtù kákí oníbọ́tìnnì idẹ, tó ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún.

N kò wọ kákí fún yín rí nínú irọ́ mi, Bàbá. N kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yín fún ẹnikẹ́ni.

Ó ní ẹ mú òun yí ilé po. Ẹ fi ibi tí páànù ti ń jò hàn án. Ẹ mú un dé ilé ìdáná, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ ní kànga wà lábẹ́ ibẹ̀, kí àwọn tó bá máa wó ilé ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má baà jìn sí i. Kànga yẹn! Ẹ ti bò ó kí wọ́n tó bí Délé, nítorí pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn sí i. Láyé yìí, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Mo fi ṣàwàdà, mo ní ǹjẹ́ Bàbá náà rán an níṣẹ́ sí mi? Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ọsàn lẹ́nu.

"Ó ní kí n sọ fún Wàyó kó dìde lórí àyà òun." Ó wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni Wàyó?"

Mo ní ajá kan ni, tí a ní nígbà kan rí.

Láti ọjọ́ náà, n kò jókòó lórí sìmẹ́ńtì yẹn mọ́. Àga ni mo ń gbé jáde. Mo ń ronú sí ohun tí ẹ sọ gan-an lọ́jọ́ tí ẹ kú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ ní Màmá dà. Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò jìnnà. Ẹ ní kí n lọ pè é wá. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá jáde, ẹ ó lọ kí n tó dé. Mo ní ó ń bọ̀, mo sì jókòó. Nígbà tí Màmá fi máa dé, ẹ ti lọ. Nígbà tí àìsàn dá òun náà dúbúlẹ̀, ìjọba kò gbà mọ́ pé kí a sin òkú sílé. Ó bẹ̀ mí pé bí òun bá lọ, kí n gbé yín wá bá òun. Mo ní n ó ṣe é, mo tún jókòó. Orí yín ni mo jókòó sí.

Kì í ṣe ilé ni mo ń ṣọ́, Bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Níbo ni n ó lọ tí ẹnì kan yóò ti mọ̀ mí? Níbí pàápàá, ẹni tó ń ṣọ́ géètì kò mọ̀ mí. Orúkọ yín ni mo fi ń wọlé.

Òní ni Délé àti ẹnjiníà náà ń mú ìwé bọ̀, ní aago mẹ́rin. Lẹ́yìn tí mo wẹ̀ láàárọ̀, mo gbé ọsàn kan àti ọ̀bẹ kékeré yín sórí sàréè, mo yí àga mi kọjú sí ògiri, bí ẹ ṣe máa ń ní kí n kọjú sí ògiri nígbà tí mo bá jí ẹran jẹ. Mo ní bí èèpo rẹ̀ kò bá já, n ó fọwọ́ síwèé. Orí orúnkún mi ni mo gbé ìwé lé tí mo ń kọ èyí. N kò gbọ́ ìró kankan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ Màmá sílẹ̀ yẹn ni òórùn èèpo ọsàn tútù ti gba gbogbo ẹ̀yìn mi.

N kò ní wẹ̀yìn. Bó bá já, n ó fọwọ́ sí i. Bí kò bá já, n ó fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹyọ kan tí kò ní ẹ̀bùrú nínú. Ẹ sọ fún Màmá pé ẹ ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní jókòó.

Mo ti dìde o, Bàbá mi.

Wàyó yín