Ògiri Tí Ọwọ́ Yín Ló Kù Lára Rẹ̀

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Agbowó níbí, bí ẹ ò tilẹ̀ rí mi. Mo kí Bàbá, mo kí Màmá Àgbà, mo kí Dáre àbúrò mi tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Dáre, jọ̀ọ́, má sáré kà á, má sì fo ibì kankan. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo Ìgbòho lè bá mi yọ̀, torí ayọ̀ yìí ti pọ̀ jù fún èmi nìkan.

Ara wa le. Ọyẹ́ ti dé Ìbàdàn, ètè mi ti là. Àna yín, Kọ́lá, ń lọ sí Ṣàngó lójoojúmọ́ níbi tó ti ń tún fóònù ṣe, èmi náà sì wà ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó pé oṣù mẹ́rin tí mo di ìyàwó, síbẹ̀ mo ṣì máa ń wẹ̀yìn wò bí wọ́n bá pè mí ní Ìyàwó, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè! Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni àárò yín máa ń sọ mí jù. Ilé máa ń pa rọ́rọ́, mo sì máa ń rò pé ẹ ó ti máa bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, pé Bàbá ó ti máa béèrè oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ògiri ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ mọ ògiri wo. Lọ́jọ́ tí ẹ bá mi kó ẹrù wá, ẹ fi ọwọ́ kan ògiri yàrá kékeré yẹn, ọ̀dà rẹ̀ sì bó sí yín lọ́wọ́. Mo rí yín, Ìyá mi. Ẹ rọra fi etí ìró nu ọwọ́, ẹ sì rẹ́rìn-ín sí àwọn àna yín. Àǹtí Bísí tí ẹ jọ wọ mọ́tò padà sílé ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé títí mọ́tò fi dé Ọ̀yọ́ ni ẹ ń bi ara yín pé ṣé inú ilé tó ń wó séèyàn lọ́wọ́ ni ọmọ tí ẹ tọ́ dàgbà máa sùn. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ní kí ẹ wá kí wa. Ẹ ní orúnkún ń dùn yín. Ẹ ní ewúrẹ́ fẹ́ bímọ. Ẹ tún ní ewúrẹ́ fẹ́ bímọ. Ìyá mi, ewúrẹ́ wo nìyẹn? Mo mọ̀ pé ògiri yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ wá.

Owó tí apẹ́ńtì béèrè ga jù fún wa. Mo wá sọ fún Kọ́lá pé a ó fi ọwọ́ ara wa ṣe é. Ó ní nọ́ọ̀tì inú fóònù tó kéré ju irúgbìn ẹ̀fọ́ lọ ni òun mọ̀ ọ́n tú, ògiri ti tóbi jù lójú òun. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé ìyá mi ló ń fi amọ̀ rẹ́ ilé ní agbo ilé wa. Ìyá Ríkà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa gbọ́, ó pariwo pé kí wọ́n gbé àga wá fún òun, pé fíìmù ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ yín ni mo ṣe: mo bu omi lu ògiri dáadáa, odindi garawa méjì, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí amọ̀ tuntun lè mú. Bó ṣe tutù rinrin báyìí ni mo kun ọ̀dà lé e. Ó ń dán, inú mi ń dùn, mo ń kọrin. Ká tó jí lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, abala kan já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyá Ríkà ní kí òun lọ pe dókítà awọ ara fún ògiri wa ni? Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀, mo wọlé lọ sunkún.

Kọ́lá ló mú mi lọ bá Alhaja kan tó ń ta ọ̀dà ní Ṣàngó. Obìnrin yẹn gbọ́ àlàyé mi tán, ó bi mí pé ṣé òùngbẹ ń gbẹ ògiri ni tí mo fi fún un lómi. Ó ní amọ̀ lèèyàn ń fún lómi, pé ògiri sìmẹ́ńtì tí ọ̀dà àtijọ́ ti ń bó lára rẹ̀, gbígbẹ ló ń fẹ́. Ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò: níbo ni omi ti ń wá tí ògiri fi ń bó láti ilẹ̀?

Ẹ̀yìn ilé ló ti ń wá. Gọ́tà ti dí, omi ìwẹ̀ gbogbo ilé sì ń dúró sí ìdí ògiri wa. Kọ́lá kó iyanrìn inú rẹ̀ jáde ní Sátidé kan gbáko, ọwọ́ rẹ̀ bó. Lẹ́yìn náà a ṣí fèrèsé sílẹ̀, a sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọyẹ́ tó la ètè mi yìí náà ló bá mi gbẹ ògiri.

A wá fi irin pẹlẹbẹ ha gbogbo ọ̀dà àtijọ́ kúrò, a fi sánpépà dán an, a fi aṣọ di imú wa. Bí Kọ́lá ṣe jáde síta, àfi bí ẹni tó sùn nínú àpò fúláwà. A po sìmẹ́ńtì funfun ki bí ọ̀gì láti fi dí àwọn ihò. Kọ́lá fi irin tẹ́ ẹ, ó rí págunpàgun bí ebè iṣu. Ni mo bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaja ti kìlọ̀ pé sìmẹ́ńtì máa ń jẹ ọwọ́, mo sì wọ ọ̀rá lọ́wọ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ yí i po, yí i po, bí ẹ ṣe kọ́ mi lára ògiri Màmá Àgbà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, láìtẹ̀ ẹ́ jù. Ìyá mi, ó dán! Ó dán tó bẹ́ẹ̀ tí Kọ́lá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tì í.

Lẹ́yìn tó gbẹ ni a kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, àwọ̀ ọ̀gì bàbà tí ẹ máa ń fún wa mu láàárọ̀. Kò bó, kò wú. Ó ti lé ní oṣù kan. Ìyá Ríkà wá fi ọwọ́ ra á títí, ó ní ìgbà wo ni mo máa wá ṣe tòun. Mo ní kó gbé àga rẹ̀ wá ná.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní agbo ilé wa, ọmọ tó bá rẹ́ ilé kì í dá a parí. Ó máa ń fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà fún ìyá tó kọ́ ọ láti wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí. Ẹ fi sílẹ̀ fún Màmá Àgbà, mo rí yín. Kọ́lá fẹ́ kun ibẹ̀, mo gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dà ṣì kù nínú ike, mo ti dé e pinpin kó má baà gbẹ. Ibẹ̀ kò ga, kò ní yọ orúnkún yín lẹ́nu.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kó fún Bàbá ní àlàáfíà, kó jẹ́ kí ẹ jẹ èrè gbogbo ohun tí ẹ fi ọwọ́ yín ṣe. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ẹgbẹ́ akọrin, ẹ kí ewúrẹ́ náà pẹ̀lú. Ẹ tètè máa bọ̀, Ìyá mi. Ilé ọmọ yín kò tíì parí.

Èmi ni ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Fúnmiláyọ̀