Gíláàsì Pupa Tó Bó Màmá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi Anselme,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Libreville. Ilé wa ní àdúgbò Akron wà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ kan ló kó mi nírìíra. Mo yí gíláàsì pupa tí ẹ fi ránṣẹ́ mọ́ ojú kámẹ́rà, mo sì ya Màmá ní dúdú-àti-funfun, kí ojú ọ̀run lè ṣú lẹ́yìn wọn. Ó ṣú lóòótọ́, àmọ́ gíláàsì náà sọ ara Màmá di funfun bí ẹni tó ń bóra, ilà ojú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Kí n tó pa á rẹ́, Honorine àbúrò wa ti lọ tẹ̀ ẹ́ ní fọ́tò ńlá, ó gbé e kọ́ sí sálọ̀n, yàrá àlejò wa. Ó ní, "Màmá ti di yòvó, òyìnbó gidi, ó mà dára o!" Ṣíọ̀! Òun tí ìpara ìbóra ti ba ojú tirẹ̀ jẹ́!

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá gíláàsì aláwọ̀ ewé, èyí tó máa ń jẹ́ kí ara wa dúdú, kí ilà sì yọ. Olúwa yóò máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Lánàá, Màmá dúró níwájú fọ́tò náà, wọ́n ní, "Théo, àlejò wo lẹ gbé kọ́ sílé ọkọ mi?"

Àbúrò yín,
Théophile