Kẹ́hìndé Tí Kọ̀ǹpútà Ò Gbà Wọlé

Sí Bàbá wa ọ̀wọ́n,

Olúdarí Àgbà gbogbo kọ̀ǹpútà ilẹ̀ Ìbàràpá ló ń kọ̀wé yìí sí yín láti orí àga aláwọ rẹ̀. Ara wa le, ọwọ́ wa sì dí púpọ̀. A fẹ́ fi tó yín létí pé ìkànnì kan dá wàhálà sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà lónìí, àwa náà la sì yanjú ẹ̀.

Ìkànnì ọ̀hún ò tíì dé orí ayélujára o. Inú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ló ń gbé. (Olúdarí Àgbà náà ní ọ̀gá, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Ọ̀gá ló kọ ọ́ fún ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan, ká máa fi gba orúkọ ọmọ tuntun. Aago mẹ́rin òní ni orúkọ gbọ́dọ̀ wọlé tán. Ọ̀gá sì ti lọ sí Èrúwà, òun nìkan ló mọ páásíwọ́ọ̀dù tó lè tún un ṣe. Tèmi ò ju kí n tẹ orúkọ lọ.

Ìyá ìbejì kan wọlé. Mo tẹ Táyéwò, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo tẹ Kẹ́hìndé, kọ̀ǹpútà ní ọmọ yìí ti wà níbẹ̀. Mo dìde, mo jókòó, mo tún un tẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀.

"Mà, ṣé kí n sún ọjọ́ ìbí ẹ̀ sí ọjọ́ kejì ni?"

"Ọjọ́ kejì kẹ̀? Ṣé ìwọ lo gbẹ̀bí mi ni? Má purọ́ mọ́ ọmọ mi o!"

Mo da iṣẹ́ ọ̀gá kọ síbi tèmi, níbi tí kọ̀ǹpútà kì í ti í bèèrè àṣẹ. Mo ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe máa ń kàwé, tí ètè yín á máa mì. Mo rí i: bí orúkọ bàbá bá jọra, tí ọjọ́ ìbí jọra, ó ti kà wọ́n sí ẹnì kan. Ní Igbó-Ọrà! Mo fi orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀ kún un, Kẹ́hìndé wọlé. Àmọ́ ẹ̀dà lásán ni, ilé ìwé ò ní rí i.

Mo pe ọ̀gá.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Èmi wo? Ẹni tó fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo sáré jáde láìjẹun? O ṣe é tì lónìí!" Ó pa fóònù.

Mo lè sín ìyàwó ẹ̀ jẹ. Ohùn obìnrin yẹn ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo tún pè, n ò kí i pàápàá, mo ń ka ìlà náà fún un àti ohun tí mo fi kún un. Ó wá pe páásíwọ́ọ̀dù, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Kẹ́hìndé wọlé kí aago mẹ́rin tó lù. Ìyá ẹ̀ ń ṣàdúrà fún mi, n ò lè dúró gbọ́ ọ.

"Ta nìyẹn" yẹn ló ń lé mi kiri. Bàbá, ẹ pè mí láti yàrá lọ́jọ́ tí ẹ papòdà. Mo gbọ́. Mo rò pé àbúrò mi ló ń fi ohùn yín gbẹ̀san gbogbo ìgbà tí mo fi ikọ́ yín dẹ́rù bà á. Mo rẹ́rìn-ín, n ò wá. Ṣé omi lẹ fẹ́ ni? Ṣé ẹ tún mi pè?

Kò sí Olúdarí kankan níbí. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà, ohùn ara mi sì ni mo fi ń dá yín lóhùn.

Èmi ni, sà.

Ọmọ yín tó fi ilé ìwé sílẹ̀, tí ìfẹ́ yín ò fi í sílẹ̀.