Obìnrin Tó Fẹ́ Ka Ará Ilé Wa

Sátidé, Fẹ́búárì 1988. Alief, àdúgbò wa nílùú òyìnbó.

Kí n tó kí ara mi kú iṣẹ́ òní, mo jẹ yìnyín lọ́pẹ́, kí n yáa san án. Òun ló há wa mọ́lé tí obìnrin dúdú tó ń du ipò aṣojú nínú ìbò abẹ́lé fi bá wa nílé.

Ó ń gbọ̀n. Mo bu ọbẹ̀ ata gbígbóná fún un.

Ó ní, "Mà, ẹ̀yin mélòó lẹ lè dìbò nínú ilé yìí?"

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Bàbá Ṣadé bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Ṣadé, ìbò ni wọ́n ń kà o!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó ní ìyá àgbà òun ní Louisiana náà kì í jẹ́ kí wọ́n ka àwọn ọmọ rẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni pé mo rí àbúrò mi!

Ṣùgbọ́n ìbò mi àkọ́kọ́ nílùú yìí nìyí, mi ò ní torí ẹ̀rín gbé e sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì kì í dé àdúgbò wa, táksì sì ń jẹ owó iṣẹ́ mi. Mo ní ṣé yóò mú bọ́ọ̀sì wá? Ó ní òun á wádìí, òun á pè mí láìpẹ́.

Mo ní èwo ni láìpẹ́? Ọjọ́rú ni mo ń retí ìpè ẹ̀.