Díìsìkì Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Oníwàpẹ̀lẹ́ (orúkọ tí mo sọ ọkọ mi nínú ìwé yìí nìyẹn) gbé kọ̀ǹpútà tuntun wálé fún mi. Ayọ̀ ńlá! Ó ní kí oníkọ̀ǹpútà fi díìsìkì àtijọ́ kan sínú rẹ̀ ṣe ìkejì, kí àyè lè pọ̀. Bí mo bá tàn án, ẹ̀rọ á bi mí pé Wíńdòòsì wo ni mo fẹ́: ti òkè ni tuntun, ti ìsàlẹ̀ ni ògbólógbòó. Ó ní kí n má fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, òun á pa á rẹ́.

Ọjọ́rú, 5
Kò tíì pa á rẹ́. Ọwọ́ ń yún mi.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo ní kí n pa á rẹ́ fúnra mi. Mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, kí n má baà pa ohun tó wúlò mọ́ ọn. Àwòrán mi ló yọ lójú ẹ̀rọ. Èmi! Mo tẹ páswọ̀ọ̀dù àtijọ́, ó ṣí. Gbogbo ọnà ara aṣọ tí mo yà fún iléeṣẹ́ aláṣọ wà níbẹ̀, ẹyọ kan ò dín.

Díìsìkì yìí ni Oníwàpẹ̀lẹ́ gbé lọ sọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà kan náà yìí lọ́jọ́sí, tó padà wá sọ pé ó ti kú. Ó ku díẹ̀ kí n kó iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ aláṣọ. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Mo sunkún títí ojú mi fi wú — Oníwàpẹ̀lẹ́ yìí ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún! Láti ìgbà náà, ìdí káńtà ilé oògùn ni mo ti ń tajà, mi ò ya ìlà kan mọ́.

Ẹtì, 7
Mo bi í. Kò jiyàn. Ẹ̀rù ló ba òun, ó ní. Iléeṣẹ́ yẹn fẹ́ kí n wá máa gbé nílùú wọn, ó sì rò pé bí mo bá lọ, ó dìgbóṣe. Ṣùgbọ́n òun ò lè pa iṣẹ́ mi run láéláé. Òun tọ́jú ẹ̀ ni, òun sì fi í sínú ẹ̀rọ yìí kí n lè bá a níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin gìdìgbà!

Ó dùn mí wọra. Mo rántí pé ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mo gbójú fò ó. Ó ṣáà tọ́jú ẹ̀. Mo dárí jì í — ìdajì, ó kéré tán.

Àbámẹ́ta, 8
Mo kó ọnà mi sórí díìsìkì tuntun. Mo pa Wíńdòòsì àtijọ́ rẹ́, mo nu díìsìkì náà mọ́ tónítóní. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn — dúdú. Kò dìde. Mo pe oníkọ̀ǹpútà.

Oníkọ̀ǹpútà wá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó ń jí Wíńdòòsì tuntun, orí díìsìkì àtijọ́ ló wà, mo sì ti gbá a mọ́ ìdọ̀tí dànù. Ó tún un ṣe. Mo fi ọnà mi hàn án, mo ní ẹ ṣeun tí ẹ bá wa tọ́jú wọn. Ẹnu yà á.

"Háà, màdáámù, wọ́n ṣì wà? Ọkọ yín ní kí n pa gbogbo ọnà yìí rẹ́ nígbà yẹn, kó má ku ẹyọ kan. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi, mo gbàgbé. Mo kàn sọ fún wọn pé mo ti ṣe é ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Àìkú, 9
Oníwàpẹ̀lẹ́ ń kọrin ní balùwẹ̀. Ara ti tù ú. Ọkùnrin tí mo dárí jì lọ́jọ́ Ẹtì, kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní yàrá kan tó ṣófo, tábìlì wà níbẹ̀. Mo ti di kọ̀ǹpútà náà sínú páálí. Ọmọ wa ń bi mí ibi tí a ń lọ. Mo ní ibi iṣẹ́ mi.