Ẹ̀rọ Ẹlẹ́kún Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Bẹyẹrúnkà

Ilé Aláró,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Olúṣẹ́gun ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ, mo kí Ayọ̀mikún ọmọ yín. Ṣé ara gbogbo yín le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé Lẹ́kí ti gbẹ? Mo béèrè nítorí mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n pé omi mu àwọn ènìyàn dé orúnkún ní àdúgbò yín, ọkùnrin kan wọ kóòtù, ó gbé bàtà rẹ̀ lé orí. Mo ní kò lè jẹ́ ìwọ, nítorí ìwọ ní ẹ̀rọ. Ọlọ́run tó ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́ kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Àmín.

Àwa náà ń bẹ. Ewúrẹ́ bí mẹ́ta, ọ̀kan kò dúró. Bàbá Fàsásì, àbúrò bàbá rẹ, ṣì ń wúkọ́, wọn kò sì fi áṣáà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyàrá ẹ̀yìn tí mo ń sùn, níbi tí mo bí ọ sí, ló mú mi kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà sọ pé ọjọ́ ogbó ló ń sọ̀rọ̀.

Sàídì, ọkùnrin tí o ní kó wá fi ẹ̀rọ sílé, dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo bu omi fún un mu, ó kí mi dáadáa, ó sì kó nǹkan márùn-ún jáde nínú páálí, funfun, ribiti, wọn kò ju àkàrà lọ. Ó ní ẹ̀yin àgbà ti jìyà tó, ọmọ yín kò fẹ́ kí omi ba ilé jẹ́ mọ́ yín lórí, bí omi bá ti kan ọ̀kan nínú wọn báyìí, á ké, ọmọ yín á sì mọ̀ ní Èkó lójú ẹsẹ̀. Mo súre fún un, mo súre fún ọ. Ó ní kí n fi ẹ̀rọ tó ń fọṣọ hàn òun. Mo ní èmi tó ń bá sọ̀rọ̀ yìí náà ni. Ó ní paipu tó ń gbé omi wọlé ńkọ́. Mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi paipu tí adìyẹ Bàbá Fàsásì kọ́ ìtẹ́ sí nídìí hàn án. Ó ní ìgbà wo ni omi yọ níbẹ̀ kẹ́yìn, mo ní ọdún tí o wọ yunifásítì ni. Ó wo paipu, ó wo adìyẹ, ó wò mí, ó sì lẹ ọ̀kan mọ́ ìdí paipu náà, ó ní bí omi bá jò níbẹ̀, ẹ̀rọ á ké. Mo ní bí omi bá yọ níbẹ̀, gbogbo Bẹyẹrúnkà ni yóò ké, a ó sì gbé garawa dání. Adìyẹ náà ti gbà á ní ẹyin. Ó ti sàba lé e láti ọjọ́ náà, kò tíì pa.

Lẹ́yìn èyí ni Sàídì ní kí n sọ wọ́n lórúkọ. Mo ní ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọmọ lórúkọ, kó lọ, kó padà wá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ó ní Màmá, ẹ ṣàánú mi, fóònù kò ní tẹ̀ síwájú bí wọn kò bá lórúkọ. Mo ní ta ni fóònù tí yóò máa kánjú sọmọ lórúkọ? Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀wẹ̀sì, ni mo bá sọ wọ́n lórúkọ lọ́jọ́ náà, kò sí oyin, kò sí ataare. Èyí tó gbé sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi ni mo sọ ní Omíyalé, nítorí ọdún tí Ògùnpa kún, tó ń gbé ilé, tó ń gbé ènìyàn, inú iyàrá yẹn ni mo wà, ògiri rẹ̀ kò sì mì. Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù rẹ̀ nígbà náà ni. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tún un kàn.

Àpótí dúdú kan tún wà tó máa ń ṣẹ́jú, Sàídì ní òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí Èkó, kò sì gbọdọ̀ wà láìsí iná. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, Bàbá Fàsásì á tan jẹnẹrétọ̀ fún un. Èmi ń wà nínú òkùnkùn, àpótí rẹ ń wà nínú iná. N kò bínú. Àlejò ni.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ń fọ ẹsẹ̀ kí n tó gorí ibùsùn fún oorun ọ̀sán, ni omi ta sí Omíyalé lára. Háà! Ó ké bí ọmọ tí ìjàlọ ta. N kò tíì rí àkísà nù ún tí fóònù fi dún, ìwọ ni. O ní Màámi, kí ló dé, ṣé omi ti gba ilé? Olúṣẹ́gun, Àjíǹde méjì ti kọjá tí mo ti ń pè ọ́, ọmọbìnrin inú fóònù rẹ ló máa ń dá mi lóhùn pé o kò sí nítòsí. Mo máa ń kí i, mo máa ń ní kó bá mi sọ fún ọ pé òrùlé iyàrá ẹ̀yìn ti lu. Ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kì í jíṣẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Sàídì kò ṣàlàyé ẹ̀rọ náà dáadáa. Ó ní ó wà fún mímọ ibi tí omi ti ń jò. Rárá o, ọmọ ni wọ́n fi ń pè. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, mo máa ń bu omi ìdajì ife fún Omíyalé, omi náà kì í sì í tíì gbẹ tí o fi ń pè. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ohùn rẹ. Lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sọ ọ̀rọ̀ òrùlé. Lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni o béèrè bóyá paipu ló ń jò, mo ní paipu gbẹ, o ní ẹ ṣeun Jésù, o sì pa á.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún Bàbá Fàsásì. Wọ́n ní ṣé lóòótọ́ ni? Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé ife tiwọn dé, wọ́n ní àwọn ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan láti bá ọ sọ. Ìyá tó ń ta ọṣẹ dúdú ní iwájú ilé náà gbọ́, ó ní o ti ṣèlérí fún òun rí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, èrò ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ife àti abọ́, mo ní kí wọ́n tò, kí wọ́n má ti ara wọn. Ìgbà náà ni o pè pẹ̀lú ìbínú, o ní o wà níwájú àwọn òyìnbó nígbà tí Omíyalé ké lẹ́ẹ̀mọkànlá, o ní a sọ ọ́ di aláwàdà, o ní o máa pa á lẹ́nu mọ́. Sàídì tí mo pè ló là á yé mi pé kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni o pa, etí tìrẹ ni o dí. Yóò máa ké níbí, o kò ní gbọ́ lọ́hùn-ún. Mo ní èmi rò pé ìyá nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òjò ṣú láti apá àdúgbò Àrẹ̀mọ. Mo ti gbé abọ́ mẹ́fà sábẹ́ ihò páànù bí mo ti máa ń ṣe, mo sì dùbúlẹ̀. Abọ́ kún, omi ṣàn, Omíyalé bẹ̀rẹ̀. Mo ní Omíyalé, ṣe sùúrù, bàbá rẹ ní Èkó á pè. Ó ké, ó ké, mo gbé fóònù lé àyà, mo ń dúró. Fóònù dákẹ́. Nígbà tí etí mi kò gbà á mọ́, mo dìde lọ pe Bàbá Fàsásì kí wọ́n bá mi pa á. N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà wọn tí mo fi gbọ́ gbì. Ògiri ẹ̀yìn ti wó, ó wó lé ibùsùn mi.

N kò ní purọ́ mọ́ ẹ̀rọ rẹ. Ẹkún rẹ̀ ló lé mi dìde, bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ìwé mìíràn ni wọn ì bá kọ sí ọ. Ó ṣe ti ọwọ́ rẹ̀. Títí di òwúrọ̀ yìí, ó ṣì ń ké lábẹ́ àlàpà. Sàídì ní bátìrì rẹ̀ lè lò tó ọdún méjì. Ó ní sùúrù jù mí lọ.

Mo rántí pé nígbà tí ẹ wá kẹ́yìn, ìyàwó rẹ dúró lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Mápó, ó ya fọ́tò gbogbo òrùlé tó ti dípẹtà, ó ní wọ́n rẹwà. Mo gbọ́ pé ẹ fi gíláàsì bò ó, ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀. Tiwa wà nínú rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, páànù wa kan wà tí òjò kì í pa. Súnmọ́ ọn dáadáa, wàá rí ihò náà.

Dáramọ́lá káfíńtà ti wá wò ó. Ó ní igi àjà iwájú, níbi tí mo ń sùn báyìí, òun náà ti jẹrà, kò lè gba òjò ńlá mẹ́ta mọ́. Ọ̀kan ti rọ̀ láti ìgbà tó sọ̀rọ̀. Nítorí náà, fi owó páànù, owó igi, owó ìṣó àti owó iṣẹ́ Dáramọ́lá ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Má fi ẹ̀rọ kankan ránṣẹ́ mọ́. Bí o bá sì lè fi ara rẹ ránṣẹ́, n kò ní sọ ọ́ lórúkọ, o ti ní ọ̀kan.

Ilé kò ní wó lé ọ. Odò kò ní gbé ọ. Ibi tí o bá ti ké, ẹni tí yóò gbọ́ kò ní jìnnà. Nígbà tí o bá sì darúgbó, Ayọ̀mikún kò ní fi ẹ̀rọ dá ọ lóhùn. Ṣe àmín kíákíá.

Bí o bá rí i pé tàdáwà ìwé yìí ṣàn níbí, má rò pé ẹkún ni mo sun. Omi òrùlé ló ń kán sí i bí mo ti ń kọ ọ́. Gbé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ rẹ lé ibẹ̀ kí o wò ó. Bí kò bá ké, ìwọ ké.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́.