Mi Ò Ní Gé Ìyá Rẹ Sí Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Ilé Àkàngbé,
lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Moyọ̀sọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Yínká ọkọ rẹ wà, ṣé Ìbíkúnlé ọmọ yín ti ń sọ̀rọ̀ tó já gaara? Olúwa yóò máa ṣọ́ yín ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó yẹn, ọkọ̀ kò ní gbá yín, ẹ kò ní pàdé ẹni tí yóò já fóònù gbà lọ́wọ́ yín. Ara tèmi le. Orúnkún òsì ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti bá a wí. Òjò ti dé, àgbàdo ti yọ, ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bí méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ń wo ènìyàn gẹ́lẹ́ bí ìyá rẹ ṣe máa ń wo ẹni tó bá ń purọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. O ránṣẹ́ pé ìrántí ọdún kan ìyá rẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé ẹ fẹ́ fi fídíò rẹ̀ hàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín, pé èmi tí mo fi fóònù ya fídíò níbi ìkómọ Ìbíkúnlé ni kí n wá áàpù kan tó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí n fi gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kọ́ládé ẹ̀gbọ́n rẹ náà pè, ó ní tí mi ò bá lè ṣe é, kí n kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, pé òun mọ ẹnì kan ní Yaba tó gbọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì. Mo gbọ́. Mi ò ní ṣe é. Jẹ́ kí n ṣàlàyé kí o tó bínú, tí o bá sì fẹ́ bínú náà, bí.

Ìgbọràn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Áàpù mẹ́ta ni mo gbà sórí fóònù. Àkọ́kọ́ ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun wo fọ́tò mi, mo ní kó máa wò ó, nítorí ó tọrọ rẹ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun mọ ibi tí mo wà, mo ní kí ló fẹ́ wá ṣe níbí? Ó tún ní kí n lo òun lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n kí n kọ nọ́ńbà káàdì mi sílẹ̀. Mo kọ ti káàdì ìdìbò, ó ní kò dáa. Mo kọ ti káàdì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí mo jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ó ní ìyẹn náà kò dáa. Áàpù tí kò bá ka ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sí kò lè gbé inú fóònù mi, mo lé e jáde lójú ẹsẹ̀.

Èkejì kò béèrè nǹkan kan, mo sì ti ń fẹ́ràn rẹ̀, àfi ìgbà tí mo ṣe tán tí mo rí i pé ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sórí ìró ìyá rẹ. Moyọ̀sọ́lá, níbi ìkómọ yẹn, mo mọ ẹni tó mú oyin wá, mo mọ ẹni tó mú orógbó wá. Áàpù yìí kò mú wóró iyọ̀ kan wá. Kí ni orúkọ rẹ̀ ń wá lára ìyàwó mi? Mo kọ̀wé sí wọn níbi tí wọ́n ní ká ti sọ èrò ọkàn wa. Mi ò bú wọn, mo kàn béèrè ta ni bàbá wọn.

Ẹ̀kẹta ni mo mú. Ó to gbogbo àwòrán sílẹ̀ gbọọrọ nísàlẹ̀, ó ní àlùmọ́gàjí kan, ó sì ní ọfà kékeré kan tó tẹ̀ sẹ́yìn. Mo to àwọn ènìyàn bó ṣe yẹ, àgbà ṣíwájú. Ìyá Làbákẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ jáde, níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ padà sílé ní gáréèjì Jíbówú. Bàbá Yínká ló tẹ̀ lé wọn, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn ìyẹn ni oúnjẹ wá dé. Ìbíkúnlé ló kẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́, o fèsì pé àwọn àlejò ti lọ sílé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo rí i. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò ní ṣíwájú ẹni ọgọ́rin ọdún nínú fóònù mi, kó dúró de àsìkò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé o ní kí n yọ ibi tí ìyá rẹ ti ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé yín. O ní ó kẹ̀yìn sí wa, pé àtàǹpàkò mi bo ìdajì, pé ibi tó ti wé gèlè tó jókòó nìkan ni kí n fi sílẹ̀. Níbi tó ti wé gèlè yẹn, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìnkùlé yẹn nìkan la ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó yíjú padà, ó ní kí èmi Bàbá Kọ́ládé gbé nǹkan ọwọ́ mi sílẹ̀ kí n wá bá òun gbé garawa omi, ó sì rẹ́rìn-ín. Mi ò gbé e. Fídíò ni mò ń yà.

Síbẹ̀ mo gbọ́ tìrẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi àlùmọ́gàjí sí i, ìyá rẹ sì pòórá. Mo figbe ta. Salome, nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì, sáré wọlé, ó rò pé mo ṣubú ni. Mo sọ fún un pé mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ Adùnọlá kúrò. Ó kàn tẹ ọfà tó tẹ̀ sẹ́yìn yẹn, ìyá rẹ sì padà wá pẹ̀lú garawa rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, mo máa ń gé e, mo máa ń tẹ ọfà, ó máa ń padà wá. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní áàpù tó dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, sọ fún un pé èyí tó ní ọfà ni.

Nítorí náà, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni fídíò náà, ẹ̀yìnkùlé wà níbẹ̀, àtàǹpàkò mi wà níbẹ̀. Kí pásítọ̀ yín gé ìwàásù rẹ̀ tí àyè kò bá gbà. Mo ti sin ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan, mo sì dúró gbọin. Mi ò ní tún un sin sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí ẹni Kọ́ládé jókòó sí Yaba rẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó gbé fóònù náà wá, Ọjọ́bọ̀ ni kí Yínká wá pàdé mi ní Jíbówú.

Jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi owó dátà lé e, nítorí ti Salome ni mo ti ń lò, mo sì ti lò ó tán. Fi ti òróró orúnkún náà sí i. Kí o sì pọn omi kún garawa kan sí ẹ̀yìnkùlé yín, níbi tó wà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kí n tó dé. Èmi ni n ó gbé e.

Ọlọ́run yóò bù sí i fún yín, ọmọ yín yóò dàgbà lójú yín. Tí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá sì pè yín pé kí ẹ wá bá òun gbé omi, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ tètè gbé fóònù sílẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkàngbé.